Ohùn Ìyá Mùíz Tó Bọ́ Sínú Orin

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ wa ní Bàrígà lánàá, ká ní ẹnìkan ló rò ó fún mi ni, ǹ bá ní irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, ojú mi ló ṣe. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, àmọ́ bí mo bá ti gbọ́ pé ẹjọ́ wà láàfin, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi kì í pẹ́ ṣàìsàn. Bí oníbàárà bá pè mí, màá ní mo wá ẹni tó máa tún un ṣe lọ. Ẹ má bá mi wí o. Tẹlifíṣọ̀n mi ti bàjẹ́, kí ni kí n máa wò?

Baálẹ̀ Ẹkúndayọ̀ ti jókòó. Olóyè Àyúbà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó lejú koko bí ẹni tí bàtà ń fún lẹ́sẹ̀. Ìyálóde Oyèbísí wà lọ́wọ́ òsì, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Àwa èrò ìworan kún ẹ̀yìn dé ẹnu ọ̀nà, a ń ti ara wa.

Ìyá Mùíz ló pẹjọ́. Ará Ìsẹ́yìn ni ìyá yìí, opó ni, òun ló máa ń bá àwa onítẹ̀wé ká ìwé, tó sì ń gún un pọ̀. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Níní, ọmọbìnrin tí yàrá rẹ̀ kángun sí tirẹ̀. Moyọ̀sọ́lá ni bàbá ọmọ náà sọ ọ́, Níní ló fi ń kọrin, ó sì tún ń ṣeré nínú fíìmù.

Baálẹ̀ ní, "Ìyá Mùíz, ẹ ro ẹjọ́ yín."

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ọmọ yìí jí ohùn mi."

"Ó jí kín ni yín?"

"Ohùn, Kábíyèsí. Ohùn ọ̀fun mi yìí."

Olóyè Àyúbà na ọrùn wò ó. "Ìyá, bí wọ́n bá jí ohùn yín, kí wá lẹ fi ń bá wa sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Èyí tó ṣẹ́kù ni, Olóyè. Kò wúlò fún nǹkan kan."

Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn. Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, a pa ẹnu mọ́. Ó ní kí Ìyá máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Kábíyèsí, táǹkì omi kan ló wà nílé wa, òkè òrùlé ló wà, ọ̀gangan yàrá tèmi. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, èmi ni mo máa ń ṣọ́ ọ. Bó bá ti kún, màá pariwo pé, 'Ó ti kún o! Mùíz, pa á o! Ó ń ṣàn!' Mùíz ọmọ mi á sáré lọ pa ẹ̀rọ. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí bàbá wọn ti wà láyé. Àfi bí Níní ṣe kọrin ìfẹ́ kan, tí mo gbọ́ ara mi nínú ẹ̀."

Abẹ̀bẹ̀ Ìyálóde dúró. "Nínú orin ìfẹ́ kẹ̀?"

"Nínú orin ìfẹ́, Ìyálóde! Ó ní ìfẹ́ ọkùnrin kan ń pọ̀ sí i lọ́kàn òun, ó ń pọ̀ sí i, ó ń pọ̀ sí i. Èmi náà wá já wọ ibẹ̀: ó ti kún o, Mùíz, pa á o, ó ń ṣàn. Ìlù á wá dún gbì, gbogbo èrò á wá dáhùn pé..."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí gbogbo wa tó wà lẹ́yìn fi ké e lóhùn kan: "Ẹ jẹ́ kó máa ṣàn!"

Baálẹ̀ fi ọ̀pá lulẹ̀. "Ta ló bi yín?"

Ìyá Mùíz na ọwọ́ sí wa.

"Ẹ gbọ́ fúnra yín bí, Kábíyèsí? Ohun tí wọ́n ń fojú mi rí nìyẹn! Láti ọjọ́ tí orin yìí ti jáde, bí mo bá ní ó ti kún, wọ́n á ní ẹ jẹ́ kó máa ṣàn. Bí mo bá ní ẹ gbà mí, wọ́n á gbé ìdí. Ní Sátidé, omi kún, mo pariwo títí. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ń jó. Àwọn ará ìta ń jó. Ẹnìkan tilẹ̀ yọ fóònù, ó ń ya mí! Omi gba òrùlé, ó gba sílìn, ó da gọ̀ọ́gọ̀ọ́ sórí ìwé ètò ìgbéyàwó tí mo ń ká lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fẹ́ lò ní Ọbaníkòró ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Fọ́tò iwájú rẹ̀, Kábíyèsí! Ojú ìyàwó ti wọ inú irùngbọ̀n ọkọ."

Ìyálóde fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Wọ́n ti ń tẹ ìwé mìíràn. Ṣùgbọ́n ohùn mi ńkọ́? Arúgbó ni mí. Bí mo bá ṣubú nílé ìwẹ̀ lọ́la, tí mo ké, ṣé kí wọ́n máa jó lẹ́nu ọ̀nà títí n ó fi kú ni?"

Ẹ̀rín tán.

"Kí lẹ wá fẹ́ ká ṣe?" Baálẹ̀ bi í.

"Kí ó pa orin yẹn rẹ́. Kí ó yọ ọ́ kúrò níbi gbogbo tó gbé e sí, kí n lè gba ohùn mi padà."

Níní kúnlẹ̀. Olóyè Àyúbà ló kọ́kọ́ dojú kọ ọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ọ̀gá tó ń gbé orin rẹ jáde? Kó bọ́ síwájú."

"Mi ò ní ọ̀gá, sà. Èmi ni mò ń gbé e jáde fúnra mi."

"Ta ló kọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló lu ìlù?"

"Èmi ni mo fi kọ̀ǹpútà lù ú, sà."

"Máníjà rẹ dà?"

"Èmi náà ni."

"Ta ló wá lẹ pósítà mọ́ ògiri ilé mi ní Fádèyí?"

Níní bojú wolẹ̀. "Ẹ má bínú, sà."

Olóyè yíjú sí Baálẹ̀. "Kábíyèsí, wọ́n pọ̀. Ó yẹ kí wọ́n wá jẹ́jọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kúnlẹ̀ yìí," Baálẹ̀ ní. "Níní, o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?"

"Mi ò jẹ̀bi, Kábíyèsí. Kódà, èmi ló yẹ kí n pẹjọ́. Ohùn wọn ló fọ́lé mi."

"Yéè!" Ìyá Mùíz gbé ọwọ́ lérí. "Ẹ gbọ́ o! Olè jà mí, ó tún ń pariwo olè lé mi lórí!"

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Èmi ò ní sítúdíò. Inú wọ́dúróòbù mi ni mo ti máa ń kọrin sínú máìkì, kí ariwo ìta má baà wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ti fèrèsé. Mo gbé fóòmù tí mò ń sùn lé dí ojú fèrèsé. Mo kó sínú wọ́dúróòbù, mo fa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, mo tún fi aṣọ ìbora borí. Nínú òkùnkùn yẹn ni mo wà, tí òógùn ń bò mí, tí mò ń rọra kọrin ìfẹ́ jẹ́jẹ́, ni mo bá gbọ́: 'Ó ti kún o!' Kábíyèsí, ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́rí jẹ́ẹ́, àti ẹni tó wọlé bá a nínú wọ́dúróòbù láìkanlẹ̀kùn, èwo ni ká pè lólè nínú wọn?"

Olóyè Àyúbà tẹ̀ síwájú. Ó ní, "Kábíyèsí, ìbéèrè yẹn mà le o."

Ìyálóde ò gbà. "Ó dáa, àlejò já wọlé rẹ. Kí ló dé tí o ò lé e jáde?"

"Mo fẹ́ lé e, mà. Mo tún orin yẹn kọ léraléra, kò dùn. Ìgbà tí mo padà gbọ́ ti àkọ́kọ́, tí ohùn Mọ́mì já síbẹ̀, gbogbo irun ara mi dìde. Mo mọ̀ pé ohun tí orin yẹn ti ń wá nìyẹn. Mo lọ bá wọn, mo ní Mọ́mì, ohùn yín wọnú orin mi o, ṣé kí n fi sílẹ̀ síbẹ̀? Wọ́n ní kí n fi ohun tí mo bá fẹ́ síbi tó bá wù mí, kí n ṣáà jẹ́ kí àwọn ráyè ká ìwé."

Baálẹ̀ wo Ìyá Mùíz. "Ṣé ó wá bá yín lóòótọ́?"

"Ó wá, Kábíyèsí."

"Ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ iyọ̀ ló ń sọ ni. Iyọ̀ ló sábà máa ń wá tọrọ."

Omijé ti ń bọ́ lójú Níní. "Kábíyèsí, bí ẹ bá ní kí n pa orin yìí rẹ́, tèmi tán nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọrin tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ àfi ìyá mi l'Ábẹ́òkúta, òun náà á sì ní kí n dín in kù. Àwọn fíìmù tí mo ti ń ṣe, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n máa ń ní kí n ṣe, àbí ẹni tó fẹ́ gba ọkọ ọlọ́kọ. Orin yìí ló jẹ́ kí wọ́n pè mí pé kí n wá ṣe olórí eré fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì fẹ́ fi orin yẹn gan-an bẹ̀rẹ̀ fíìmù náà. Bí orin bá lọ, eré lọ. Mi ò ní ẹnì kankan lẹ́yìn tó máa tún mi gbé dìde."

"Ẹ má wo omijé yẹn o!" Ìyálóde ké. "Mo wo fíìmù ẹ̀ kan. Báyìí gan-an ló ṣe sunkún tó fi gba ọkọ obìnrin yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́."

"Mà, eré ni mò ń ṣe níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Inú ṣì ń bí mi."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Mùíz fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, ẹlẹ́rìí ìyá rẹ̀. Géńdé ọkùnrin tó ga, ó wọ awò dúdú wọ ààfin.

"Yọ nǹkan yẹn lójú," Baálẹ̀ ní. "Ní Sátidé tí omi kún, ṣé o gbọ́ ohùn ìyá rẹ?"

"Mi ò gbọ́, Kábíyèsí. Mo rò pé orin ni."

Olóyè Àyúbà ní, "Dúró ná. O gbọ́ ni, àbí o ò gbọ́?"

"Mo gbọ́ orin, sà. Mọ́mì ni mi ò gbọ́."

"Níbo lo wà?"

"Mi ò tilẹ̀ sí nílé, sà. Onípáànù ni mo wà."

"O wà ní Onípáànù, o ń gbọ́ ariwo Bàrígà?"

"Ohùn Mọ́mì le, sà."

"Irọ́ ló ń pa!" Ìyá Mùíz fò sókè. "Ẹnu géètì ló wà! Òun àti ọmọbìnrin kan ló ń ya fọ́tò!"

Baálẹ̀ wò ó tìyanu tìyanu. "Kí ni ọmọbìnrin ń bá ọ ya fọ́tò ṣe, Mùíz?"

Mùíz họ orí. "Kábíyèsí, orúkọ mi wà nínú orin. Àwọn èèyàn rò pé èmi ni ọkùnrin tí Níní ń kọrin ìfẹ́ sí."

"Háà! Bọ̀dá Mùíz!" Níní gbàgbé pé òun ń sunkún.

"Mi ò sọ fún wọn pé èmi ni o. Mi ò kàn sọ fún wọn pé èmi kọ́."

"Ó yé mi," Baálẹ̀ ní. "Ìwọ ni ẹlẹ́rìí ìyá rẹ. Ṣé kí a pa orin náà rẹ́ bí wọ́n ṣe wí?"

Mùíz wo ìyá rẹ̀. Ó wo àwa èrò. Ọmọbìnrin kan juwọ́ sí i látẹ̀yìn. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ bá wa fi sùúrù ṣe é."

Ìyá Mùíz ṣubú jókòó. "Mo gbé! Mo fi ọyàn mi bọ́ ẹlẹ́rìí fún ẹlòmíràn!"

Ẹlẹ́rìí Níní ló kàn, Bámilóyè tó ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun nísàlẹ̀ ilé wọn. Òun ló ń fi orin náà pe oníbàárà láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Kò dúró kí wọ́n bi í léèrè.

"Kábíyèsí, ìyẹn ò le rárá. Kò sí ohùn èèyàn kankan nínú orin yẹn. Kọ̀ǹpútà ló ṣe é."

Níní di orí mú. "Bọ̀dá Bámilóyè, mo ti sọ fún wọn pé ohùn Mọ́mì ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Tó bá ti wí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí. Mo fẹ́ gbà á sílẹ̀ ni."

Olóyè Àyúbà ní, "Ìwọ tí o wà nísàlẹ̀, nígbà tí o gbọ́ ariwo ní Sátidé, kí lo ṣe?"

"Mo yí rédíò sókè, sà."

"Nítorí kí ni?"

"Mọ́mì ti ṣáájú rédíò díẹ̀, sà. Mo fẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ máa lọ."

"Ìkà!" Ìyá Mùíz na ìka sí i. "Ìkà èèyàn!"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Bámilóyè. "Mọ́mì, ẹ má pè mí ní ìkà o. Àárọ̀ wo lẹ ò wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé kí n gbé orin yẹn sí i fún yín? Lánàá òde yìí, kì í ṣe pé ẹ tún ní kí n dá a padà sí ibi tí ẹ ti wọlé ni?"

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Mùíz. Ó ń fi etí ìborùn nu ohun tí kò sí lára aṣọ rẹ̀.

"Mo lọ wò ó ni," ó ní. "Kí n mọ̀ bóyá ohùn mi ṣì wà níbẹ̀."

"Lójoojúmọ́?" Ìyálóde bi í.

"Ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀ kì í sùn."

Baálẹ̀ fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ronú títí, ó wá ní, "Ìyá Mùíz, ẹ dìde. Ẹ pa ariwo yẹn fún wa bí ẹ ṣe pa á ní Sátidé."

Ìyá Mùíz dìde. Ó tún gèlè ṣe. Ó wúkọ́ díẹ̀. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó fi ẹsẹ̀ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá gbé e: "Ó ti kúúún o! Mùííííz, pa á o! Ó ń ṣàààààn!"

"Ẹ jẹ́ kó máa ṣàn!"

Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Èjìká Olóyè Àyúbà, tí ẹnikẹ́ni ò rí ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tó ti joyè, ló ń mì yẹn. Ìyálóde ń fi abẹ̀bẹ̀ lu itan. Ẹsẹ̀ Baálẹ̀ alára gbéra nílẹ̀. Ó rí i, ó sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà. Mùíz ti wọ awò dúdú rẹ̀ padà, ó ń jó fún àwọn ọmọbìnrin ẹ̀yìn.

"Ẹ rí i?" Ìyá Mùíz ò rẹ́rìn-ín. "Kábíyèsí, ẹ rí ayé mi? Ọmọ tí mo bí nìyẹn o."

Baálẹ̀ fi ọ̀pá lulẹ̀ títí ijó fi dúró. Ó yíjú sí Níní. "Wọ́n ní o mọ eré ṣe. Ṣe Ìyá Mùíz fún wa."

"Kábíyèsí, wọ́n wà níbí, ẹ̀rù ń bà mí."

"Èmi ni mo rán ọ."

Níní dìde. Ó tú ìborùn ọrùn rẹ̀, ó fi di ìbàdí. Ó tẹ ẹ̀yìn díẹ̀, ó fọwọ́ kan mú ìgbáròkó, ó fún ojú pọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọge tó dúró níbẹ̀ lọ, mi ò mọ ibi tó gbà. Ìyá Mùíz méjì ló wà láàfin. Kò wúkọ́, kò fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ó kàn ké e, ohùn rẹ̀ ya, ó gbóná, bí ẹni tí ọbẹ̀ ń jóná níwájú rẹ̀:

"Ó ti kún o! Mùíz! Pa á o! Ó ń ṣàn!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Kò sẹ́ni tó jó. Mùíz dà? Mùíz ti lọ. Sálúbàtà ẹsẹ̀ kan la rí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí ẹnìkan sáré tẹ̀ lé e, ó bá a nílé níwájú ẹ̀rọ omi, ó ń tẹ ibi tí wọ́n ti ń pa á, bẹ́ẹ̀ wọn ò sì mú iná wá sí àdúgbò yẹn láti àárọ̀. Wọ́n mú un padà wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá Mùíz, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè ṣe kí ẹ tó sọ fún wọn pé táǹkì kún?"

Ìyá fọwọ́ kan gèlè rẹ̀.

"Ṣé omi máa ń ní sùúrù kí ẹ wúkọ́ tán ni?"

"Kábíyèsí..."

"Ohùn yín ò sọnù. Níní ò jí i. Ẹ gbọ́ ara yín nínú orin títí, ẹ wá ń sín ara yín jẹ. Orin lẹ̀ ń kọ, ẹ sì ń bínú pé wọ́n ń jó."

Ìyá Mùíz tẹrí ba. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́ débi pé a ní láti na ọrùn.

"Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, Kábíyèsí. Ó dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí bàbá Mùíz ti kú ni mo ti ń pariwo nínú ilé yẹn. Ó ti kún o, ẹ ti géètì o, ẹ má da pàǹtí síbẹ̀ o. Aláriwo ni wọ́n ń pè mí. Mùíz á lọ pa ẹ̀rọ, á sì máa kùn lọ. Àwọn tó kù á pòṣé. Ọjọ́ tí gbogbo àdúgbò kọ́kọ́ dá mi lóhùn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi, mo wọlé, mo tilẹ̀kùn, mo sunkún ayọ̀. Látọjọ́ náà ni mo ti ń fẹ́ kó dùn sí i. Mi ò mọ̀ pé bí mo ṣe ń mú un dùn ni mò ń bà á jẹ́."

Ìyálóde wojú òrùlé, ó ń ṣẹ́jú pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Baálẹ̀ náà wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi. Orin ò kúrò níbi tó wà. Ohun tó ti wọ etí Bàrígà, èmi ò lọ́wọ́ tí mo lè fi fà á jáde. Ṣùgbọ́n ìwọ Níní, níbikíbi tí orúkọ rẹ bá wà lórí orin yẹn, kí orúkọ Ìyá Mùíz wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, nítorí ẹni méjì ló kọ ọ́. Ìkejì, ìwọ lo mọ Ìyá Mùíz ṣe ju Ìyá Mùíz lọ. Láti òní lọ, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, wàá máa kọ́ Ìyá Mùíz bí Ìyá Mùíz ṣe ń pariwo, títí Mùíz á fi máa sá. Mùíz!"

"Kábíyèsí!"

"O jẹ òkìkí tí o ò ṣiṣẹ́ fún. Bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ omi, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni wàá jókòó sí. Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ ya fọ́tò, kó wá bá ọ níbẹ̀, kó sì bá ọ gbé garawa. Bámilóyè, fún oṣù kan gbáko, ìròyìn nìkan ni kí rédíò rẹ máa ka."

"Áà, Kábíyèsí! Irun ta ni mo fẹ́ máa gẹ̀?"

"Ti àwọn tó fẹ́ mọ ohun tó ń lọ. Èyí tó kẹ́yìn: gbogbo ẹni tó dáhùn 'Ẹ jẹ́ kó máa ṣàn' nínú ilé yìí lónìí ló máa jókòó bá Ìyá Mùíz ká ìwé ìgbéyàwó tuntun náà, títí á fi parí."

Olóyè Àyúbà fò dìde. "Kábíyèsí! Èmi ò dáhùn o!"

"Èjìká yín dáhùn."

"Ẹsẹ̀ tiyín náà ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ mi ń bọ̀ wá ká ìwé," Baálẹ̀ ní.

Níbi tí a ti ń kùn, Níní tún kúnlẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Kábíyèsí, ìdájọ́ yín dáa, àmọ́ ti ìrọ̀lẹ́ yẹn ò ní ṣeé ṣe. Àwọn tó fẹ́ ṣe fíìmù ti rí ibì kan fún mi ní Lẹ́kí. Ìparí oṣù yìí ni mò ń kó lọ." Ó dìde, ó yíjú sí Ìyá Mùíz. "Mọ́mì, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín."

Ìyá Mùíz ò tún gèlè ṣe. Kò wúkọ́.

"Kó lọ síbo? Níní! O ò kó lọ síbì kankan! Ta ló máa kanlẹ̀kùn wọ́dúróòbù fún ọ pé o ò tíì jẹun láti àárọ̀? Ta ló máa fún ọ níyọ̀? Lẹ́kí wo? Jókòó síbẹ̀ yẹn!"

Níní jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mùíz jókòó. Olóyè Àyúbà tó ṣì dúró tó ń jiyàn èjìká, òun náà jókòó wọ̀ọ̀. Èmi jókòó lé ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni, ẹlẹ́sẹ̀ ò sì lè sọ̀rọ̀. Baálẹ̀ tó ti wà lórí ìjókòó láti àárọ̀ tún ara rẹ̀ jókòó dáadáa. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé kí nǹkan kan máa ṣàn.

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ẹ̀kọ́ ti parí. Ohùn ti padà sọ́wọ́ olóhùn. Ẹjọ́ tán."

Ìyá Mùíz ò gbọ́ ọ. Níní ló ń wò, ibi tó jókòó sí nílẹ̀, tó ń sunkún bí ọmọdé. Ó sún mọ́ ọn.

"Bí o bá lọ," ó ní, "ta ni n ó máa pariwo lé lórí?"

"Mọ́mì, mi ò lọ mọ́. Màá máa ti ilé lọ síbi eré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo lé mi lórí mọ́."

"Màá pariwo," Ìyá Mùíz ní. Ó na ọwọ́ sí i. "Dìde nílẹ̀ yẹn jàre. Sìmẹ́ńtì tútù."